Àwọn òǹkọ̀wé eré Áyálándì tí mo kà nígbà tí mò ń retí ìwé ìgbélùú

Mo fẹ́ kọ èyí fún ẹni tó bá wà níbi tí mo ti wà rí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní Áyálándì tẹ́ ẹ ń retí ìwé, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n kó Synge àti Beckett àti Friel lé yín lọ́wọ́ tọ́rọ̀ ọ̀hún ò yé yín. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìgbà tí nǹkan le fún mi ni mo ka àwọn eré yìí, àwọn nǹkan kan sì wà tó jẹ́ pé ká ní ẹnì kan ti sọ wọ́n fún mi níbẹ̀rẹ̀ ni, ìyà tó jẹ mí nídìí ẹ̀ ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan lẹ́bàá ìlú kékeré ni wọ́n kó àwa tó ń tọrọ ibi ìsádi sí. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan, a ò mọra wa rí. Wọn ò gbà ká ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, a ò lè dáná oúnjẹ tiwa, €19.10 sì ni owó àgbàlagbà lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú ibẹ̀ rí á mọ̀ pé ebi kọ́ ló ń pa èèyàn níbẹ̀, jíjókòó lásán ni. Kò sí nǹkan tí wàá ṣe láàárọ̀, kò sí nǹkan tí wàá ṣe lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá sì ti ṣú wàá máa ro ohun tí wọ́n máa kọ sínú lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ tó bá dé. Láíbírì ìlú yẹn ni mo sá lọ torí pé ibẹ̀ móoru, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí káàdì wọn.

Waiting for Godot, eré tí Samuel Beckett kọ, ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ nílé, ìwé náà ò sì nípọn. Mo kà á tán, mi ò rí nǹkan kan mú. Ọkùnrin méjì, Vladimir àti Estragon, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan lójú ọ̀nà, wọ́n ń retí ẹnì kan tó ń jẹ́ Godot, Godot ò wá, eré parí. Mo wá lọ ka ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ nípa ẹ̀ kó lè yé mi, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, torí gbólóhùn kan nínú ìwé wọn lè gba ìdajì ojú ewé kan, ọkàn mi sì ti gbé e sórí nígbà yẹn pé mi ò lọ́pọlọ mọ́, pé ìrònú ti jẹ orí mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Beckett bẹ̀rẹ̀. Òun lorúkọ ẹ̀ dún jù lóòótọ́, ó gba Nobel ní 1969, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ ná. Màá padà sórí ẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbírì yẹn ló gbé Riders to the Sea lé mi lọ́wọ́. Ó ní kò gùn, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ni, àmọ́ kí n má fojú kà á, kí n fẹnu kà á sókè. Mo gbé e jáde lọ sẹ́yìn ọgbà níbi tẹ́nì kankan ò ti ní máa wò mí.

Ẹni tó kọ ọ́, John Millington Synge, ilé tó rí jájẹ ni wọ́n bí i sí nítòsí Dublin lọ́dún 1871. Orin ló kọ́kọ́ kọ́, ó tìtorí ẹ̀ lọ sí Jámánì, lẹ́yìn náà ló wá lọ jókòó sí Paris tó ń kọ oríṣiríṣi nǹkan tí kò yọrí síbì kankan. Yeats, akéwì Áyálándì, pàdé ẹ̀ níbẹ̀ ní 1896, ó ní kó dìde kó lọ sí àwọn erékùṣù Aran ní ìwọ̀ oòrùn Áyálándì, kó lọ bá àwọn èèyàn ibẹ̀ gbé. Ó dé bẹ̀ ní 1898, ó sì ń padà lọ fún ọdún mélòó kan. Ó ń bá àwọn apẹja jókòó, ó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arúgbó. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa òkú tí òkun gbé jáde ní Donegal tó jẹ́ aṣọ ara ẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Nínú eré náà, òkun ti gbé ọkọ Maurya, ó ti gbé bàbá ọkọ ẹ̀, ó ti ń gbé àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Michael ni wọ́n ń wá báyìí. Àlùfáà kan kó ẹ̀wù àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bọ́ lára òkú wá, àwọn ọmọbìnrin méjì tó wà nílé fi pa mọ́ fún ìyá wọn, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ̀rọ̀. Nora ló hun ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìhun ẹ̀, ó ní ọgọ́ta lòun dá, mẹ́rin sì já lọ́wọ́ òun. Mẹ́rin yẹn ló fi mọ̀ pé arákùnrin òun ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, Bartley, ọmọkùnrin tó kù, ti kó ẹṣin lọ sọ́jà ní Galway, òkun ti gba òun náà. Pákó tí Maurya rà de òkú Michael ni wọ́n fẹ́ fi kan pósí Bartley, ló bá di pé kò ra ìṣó. Ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ wá ní ó ya òun lẹ́nu pé kò rántí ìṣó, pẹ̀lú gbogbo pósí tó ti rí tí wọ́n ń kàn. Kí Ọlọ́run má fi ọ̀fọ̀ ọmọ hàn wá o. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti jókòó ti irú àwọn ìyá yẹn.

Ohun tí ìyá láíbírì yẹn sọ ló ṣí gbogbo ẹ̀ fún mi. Gẹ̀ẹ́sì Synge kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù, bí àwọn ará Aran ṣe ń sọ èdè tiwọn ló wà lábẹ́ ẹ̀, ojú á máa kọsẹ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu á rí ọ̀nà. Tó o bá kà á sókè, wàá mọ ibi tó o ti máa mí, wàá mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń rojọ́. Látìgbà yẹn mi ò ka eré kankan jẹ́ẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá wà nínú yàrá tí ẹlòmíì ń sùn, ẹ lọ sí balùwẹ̀, ẹ lọ sí ọgbà, ẹ ṣáà ti fẹnu kà á.

Mo wá kọjá sórí The Playboy of the Western World. Ọmọkùnrin kan, Christy Mahon, wọ ilé ọtí kan ní Mayo, ó ní òun ti la ọkọ́ mọ́ bàbá òun lórí, bàbá ti kú. Dípò kí wọ́n pe ọlọ́pàá, ńṣe ni wọ́n sọ ọ́ di akọni, àwọn ọmọbìnrin ń gbé ẹ̀bùn wá fún un. Bàbá wá wọlé láàyè pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Nígbà tí Christy tún wá lu bàbá yẹn níṣojú wọn, àwọn tó ń yìn ín náà ló de é lókùn. Lálẹ́ ọjọ́ tí Abbey, ilé ìtàgé kan ní Dublin, kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kìíní ọdún 1907, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní Synge bú àwọn obìnrin Áyálándì torí pé ó dárúkọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin lórí ìtàgé, fún ọjọ́ mélòó kan ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Molly Allgood, ọmọbìnrin tí Synge fẹ́ fẹ́, ló ṣe Pegeen Mike, ọmọ onílé ọtí yẹn, nínú ẹ̀. Wọn ò ráyè ṣe ìgbéyàwó. Synge ò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì tí àìsàn Hodgkin, irú àrùn jẹjẹrẹ kan, fi pa á ní 1909.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Lady Gregory, torí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹ̀, òun sì lèmi máa kọ́kọ́ fi lé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Opó ni, ní Coole ní Galway. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré. Òun àti Yeats àtàwọn míì ló dá Abbey sílẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀ ní Dublin lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá 1904, eré ẹ̀ Spreading the News sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan gbàgbé fọ́ọ̀kì koríko ẹ̀ sọ́jà, ẹnì kejì sáré mú un tẹ̀ lé e, kí ìròyìn tó yí ọjà po ó ti di pé ó fi fọ́ọ̀kì pa á, ó tún fẹ́ gbé ìyàwó ẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ibùdó tí a wà yẹn, níbi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán wọ́n ti ní wọ́n fẹ́ dá ẹ padà sílé, eré yẹn yé wa ju bó ṣe lè yé ẹnikẹ́ni ní yunifásítì lọ. Mo kó àwọn bíi mélòó kan jọ nínú yàrá ìjẹun, ọmọ Zimbabwe, ọmọ Congo, àwa ọmọ Nàìjíríà, a pín in kà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yẹn nìyẹn. Látìgbà yẹn la ti ń kà á pa pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Sean O'Casey wá ni tèmi nínú gbogbo wọn. Dublin ni wọ́n bí i sí ní 1880, bàbá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé ilé ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé lọ, iṣẹ́ lébìrà ló ṣe, ó ṣe é ní rélùwéè, ó ṣe é níbòmíì. Ó kọ eré ránṣẹ́ sí Abbey, wọ́n dá a padà. Ó kọ òmíì, wọ́n tún dá a padà. Lady Gregory sọ fún un pé bó ṣe ń gbé àwọn èèyàn kalẹ̀ nínú eré ni agbára ẹ̀ wà, ó sì di ìyẹn mú. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe The Shadow of a Gunman ní 1923 ó ti lé ní ogójì ọdún, lébìrà ló sì ṣì ń ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Juno and the Paycock. Juno ló ń bọ́ ilé, ọkọ ẹ̀ Captain Boyle ń mutí kiri, tí wọ́n bá sì ti dárúkọ iṣẹ́, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n ní ìbátan kan fi ogún sílẹ̀ fún wọn. Kí kọ́bọ̀ tó wọlé, wọ́n ti fi gbèsè ra àga, wọ́n ra gíramafóònù. Ẹni tó kọ ìwé ogún ò kọ ọ́ dáadáa, owó ò wá mọ́, wọ́n wá kó àga lọ níṣojú wọn, ọmọbìnrin wọn ti lóyún fún ẹni tó sá lọ, wọ́n pa ọmọkùnrin wọn. Obìnrin Congo tó máa ń ka Juno fún wa ka àdúrà tó wà níparí, níbi tí Juno ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ọkàn òkúta lọ́wọ́ wọn kó fún wọn ní ọkàn ẹran ara, ó sì ní ká dúró, òun fẹ́ tún un kà. Ọmọ tòun náà ti kú nínú ogun.

Nígbà tí wọ́n ṣe The Plough and the Stars ní 1926, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Abbey, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí àwọn akọni 1916, ìyẹn àwọn tó dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin. Yeats fúnra ẹ̀ ló bọ́ sórí ìtàgé tó ń bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ Yeats kan náà ló kọ̀ láti gba The Silver Tassie, eré tí O'Casey kọ ránṣẹ́ sí Abbey, ní 1928, O'Casey ò sì padà wálé gbé mọ́, Ẹ́ńgílàǹdì ló kú sí ní 1964. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹni tó gbé ohùn àwọn tálákà Dublin dé orí ìtàgé ni wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ibùdó. Mi ò lè lọ, torí tí mo bá jáde nílùú, ẹjọ́ mi ti parí nìyẹn. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, íntánẹ́ẹ̀tì ń já, ń padà. Èmi àti bàbá mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kó béèrè bóyá àlàáfíà ni, kí n ní a dúpẹ́, kó ní kí n máa gbàdúrà, fóònù á kú. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni mo lọ mú Philadelphia, Here I Come! Brian Friel ló kọ ọ́, olùkọ́ ilé ìwé ni ní Derry tẹ́lẹ̀, 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Gar O'Donnell fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òṣèré méjì ló ń ṣe Gar, ọ̀kan ni èyí tí gbogbo ayé ń rí, èkejì ni inú ẹ̀ tó ń sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Òun àti bàbá ẹ̀ ò rí ọ̀rọ̀ bára wọn sọ. Lóru, ó wá bi bàbá léèrè bóyá ó rántí ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n jọ jókòó sí nígbà kan tí inú wọn dùn, bàbá ò rántí. Nígbà tí Gar jáde, bàbá wá ń sọ fún ìyá tó ń tọ́jú ilé pé òun rántí ọjọ́ tóun mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sílé ìwé nínú aṣọ bíi ti àwọn atukọ̀. Ìyá yẹn ní kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sunkún débi pé ọmọ Zimbabwe tá a jọ wà ní yàrá dìde wá jókòó tì mí dàárọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn mi ò fọwọ́ kan ìwé, mi ò jẹun dáadáa, dókítà ló bá mi dá sí i. Nítorí náà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ̀fọ̀ lókèèrè, ẹ má dá eré yìí kà lóru. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹnì kan bá wà pẹ̀lú yín. Bákan náà, ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ nípa ẹjọ́ ẹ̀, kó fi The Quare Fellow ti Brendan Behan sílẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí àárọ̀ tí wọ́n máa yẹgi fún ẹnì kan. Behan mọ ẹ̀wọ̀n dáadáa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n mú un, ọtí sì wà lára ohun tó pa á lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógójì. Eré ńlá ni, àmọ́ ó ní ìgbà tiẹ̀.

Godot wá ńkọ́? Mo padà sí i lẹ́yìn tí mo ti mọ ohun tí Samuel Beckett là kọjá. Ọmọ olówó Foxrock, lẹ́bàá Dublin, ni, wọ́n bí i ní 1906, àmọ́ nígbà ogun Hitler ó wà ní Paris, ó ń bá àwọn tó ń ja Jámánì lábẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tú àṣírí wọn ní 1942. Òun àti Suzanne, obìnrin tó wá di ìyàwó ẹ̀, sá lọ sí abúlé kan ní gúúsù Faransé, Roussillon, ó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ kó lè rí oúnjẹ, wọ́n ń retí kí ogun parí. Lẹ́yìn ogun ló kọ Godot ní èdè Faransé, wọ́n sì ṣe é ní Paris ní oṣù kìíní 1953. Ọmọdékùnrin kan á wá nírọ̀lẹ́, á ní Ọ̀gbẹ́ni Godot ní kóun sọ fún wọn pé kò ní lè wá lálẹ́ yìí, àmọ́ ó ń bọ̀ lọ́la dájúdájú. Lọ́la dé, ọmọdé tún wá, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tá a kà á pa pọ̀ ní yàrá ìjẹun, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀. Gbogbo wa la ti gba irú lẹ́tà yẹn. Tí kíkà bá ṣì le fún yín, ẹ bi wọ́n ní láíbírì bóyá wọ́n ní fíìmù tí wọ́n fi eré orí ìtàgé ẹ̀ mọ́kàndínlógún ṣe ní 2001, ojú á kọ́kọ́ ran etí lọ́wọ́.

Oscar Wilde àti George Bernard Shaw ò fi bẹ́ẹ̀ fún mi ní wàhálà, Gẹ̀ẹ́sì wọn ń ṣàn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Wilde kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín nínú The Importance of Being Earnest ni pé oṣù kejì 1895 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó di ìparí oṣù karùn-ún wọ́n ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára torí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìpolówó eré tó kọ fúnra ẹ̀. Ó kú ní Paris ní 1900. Shaw ní tiẹ̀, ìwé ìtàn márùn-ún ló kọ tí àwọn atẹ̀wé ń kọ̀, ibi ìkàwé British Museum ló ti ń kọ́ ara ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ torí owó ò sí, ó sì gba Nobel ti 1925. Nígbà tó kú ní 1950, ó fi nínú owó ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé yẹn.

Owó ìwé kò yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró. Eré Synge, ti Wilde, ti Lady Gregory àti ti Shaw, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Áyálándì torí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti kú. Ti O'Casey, Beckett àti Friel ò tíì rí bẹ́ẹ̀, láíbírì lẹ máa lọ fún ìyẹn, tí kò bá sí níbẹ̀ wọ́n á bá yín béèrè lọ́wọ́ láíbírì míì. Ẹni tó bá sì rò pé eré yìí ò kan Yorùbá, kó mọ̀ pé Bisi Adigun, ọmọ Yorùbá tó dá ẹgbẹ́ eré Arambe sílẹ̀ ní Dublin ní 2003, òun àti Roddy Doyle, òǹkọ̀wé Áyálándì, ló jọ tún Playboy kọ, Abbey sì ṣe é ní 2007. Christy ti wọn di ọmọ Nàìjíríà tó ń jẹ́ Christopher Malomo.

Ìwé mi ti jáde báyìí, mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Àwa tá a jọ wà ní yàrá ìjẹun yẹn ṣì ń kàwé pa pọ̀ lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníkálukú ti wà nílùú ọ̀tọ̀. By the Bog of Cats tí Marina Carr kọ la wà lórí ẹ̀, Abbey ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1998. Hester Swane tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kó kúrò lórí ilẹ̀ tó dàgbà sí torí pé bàbá ọmọ ẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ olówó, ó ní òun ò lọ. Obìnrin Congo yẹn ní òun fara mọ́ ọn, ọmọ Zimbabwe ní ká ní ó tètè lọ ni, ọmọ ẹ̀ ì bá wà láàyè, a sì ti fa ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ìgbà tó yẹ kí oníkálukú ti lọ sùn.